Màrìwò Tí Ọ̀kẹ́rẹ́ So Sórí Igi

"Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀!"

"Ṣé ẹ ò tíì jẹun ni? Mo ní ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀ ooo!"

Ẹ̀n-ẹ́n. Ọláńrewájú, yọ ọwọ́ lẹ́nu. Àlọ́ tòní kò dùn, mo ti kọ́kọ́ sọ fún yín. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó lọ sùn. Àlọ́ mi gbéra ńlẹ̀ gìrìgìrì, ó sọdá odò, ó já sí ìlú Ìpadò, ó bọ́ sọ́wọ́ Ọ̀kẹ́rẹ́.

Nílùú Ìpadò, Erin ni ọba. Ìlú kékeré ni. Àwọn kan ń gbé lókè, lórí igi àti lórí òkúta. Àwọn tó kù ń gbé ní ìsàlẹ̀, nínú ihò àti nínú koríko: Òkété, Ọ̀yà, Èkúté, àti àwọn ọmọ wọn wẹ́ẹ́rẹ́wẹ́. Láàrin òkè àti ìsàlẹ̀ ni ojú àgbàrá wà, ibi tí omi òjò ń gbà lọ sódò. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ibẹ̀ á gbẹ pátápátá. Àlejò tó bá rí i á rò pé ilẹ̀ lásán ni.

Wọ́n ní òfin kan, òfin náà sì dáa. Ẹni tó bá fẹ́ gba iṣẹ́ ìlú ṣe, ìbáà ṣe ọ̀nà, ìbáà ṣe ọjà, yóò so màrìwò mọ́ igi níbi tí iṣẹ́ náà máa wà. Ọjọ́ méje ni màrìwò máa fi wà níbẹ̀. Ẹni tí iṣẹ́ náà bá máa pa lára á wá lójú oòrùn, á tú u, ọba á sì pe ìpàdé. Bí ọjọ́ méje bá pé tí ẹnikẹ́ni kò tú u, iṣẹ́ ti di ti ẹni tó so ó nìyẹn. Ọba pàápàá kò lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́.

Ta ló ń ṣọ́ màrìwò? Ọ̀kẹ́rẹ́ ni. Á jókòó sídìí ẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, á máa lu agogo, á máa pe gbogbo ìlú. Ó yá, ẹ gbè é:

Màrìwò rè é lójú ọ̀nà o,
*Gbinrin o, gbinrin.*
Ẹni ọ̀rọ̀ kàn, ẹ wá wò ó,
*Gbinrin o, gbinrin.*
Bí ò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ tú u,
*Gbinrin o, gbinrin.*
Ọjọ́ méje mà ni mo wà ńbí,
*Gbinrin o, gbinrin.*

Ọ̀kẹ́rẹ́ kò purọ́ rí. Gbogbo ìlú ló mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, ọmọ kan ṣoṣo ló fi sílẹ̀ fún un, Àwẹ̀ró. Àwẹ̀ró ti lọ sílé ọkọ, ọmọ Ọ̀yà ló fẹ́ ẹ ní ìsàlẹ̀, oyún sì ti wà nínú rẹ̀. Kò sí ohun mìíràn tí Ọ̀kẹ́rẹ́ ní láyé ju ọmọ yẹn lọ.

Ìgbà tó yá, ìlú fẹ́ ọjà tuntun. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ní òun lòun máa kọ́ ọ. Ibo ló fojú sí? Ojú àgbàrá! Ibẹ̀ tẹ́jú, kò sí igi láti gé, kò sí òkúta láti fọ́, iṣẹ́ ọ̀lẹ gan-an ni. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé bí màrìwò bá fi lè wà níbẹ̀ fún àárọ̀ kan, Òkété á tú u. Ló bá gba ilé Ọ̀kẹ́rẹ́ lọ.

"Bàbá Àwẹ̀ró, ẹ kú iṣẹ́ ìlú o. Ṣé oòrùn yìí ò ní pa yín báyìí?"

"Kí la fẹ́ ṣe sí i?"

"Ọjà ni mo fẹ́ kọ́. Ọjà tó lórùlé! Àmọ́ ẹ mọ àwọn ará ìsàlẹ̀, kò sí ohun tí wọn kì í ta kò. Ẹ bá mi so màrìwò yìí sórí igi tiyín níbí, lókè téńté. Ẹ jókòó tì í nínú ibòòji. Ẹ fi ewé dí agogo lẹ́nu, ẹ máa lù ú."

"Òfin ní ojú ibi iṣẹ́ ni."

"Ta ló máa mọ̀? Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ ń ṣọ́ ọ." Ó gbé ìdì ẹyìn mẹ́ta kalẹ̀, gbì, gbì, gbì. "Ti oṣù yìí nìyẹn. Oṣooṣù ni màá máa gbé e wá."

Ọ̀kẹ́rẹ́ wo ẹyìn. Ó pọ́n ròrò. Eyín ti ń dùn ún láti máa fọ́ ẹkùrọ́ gbígbẹ. Ó wo oòrùn. Ó wá sọ fún ara rẹ̀ pé, "Kí òjò tó dé, màá ti lọ mú ọmọ mi wá sókè."

Ẹ gbọ́ ohun tó sọ? Ó mọ̀ pé omi máa wá! Ó kàn fẹ́ kí ọmọ tirẹ̀ má sí níbẹ̀ ni. Ẹ ò rí ìkà bí?

Ọjọ́ méje ló fi jókòó lórí igi tó ń jẹ ẹyìn, tó ń lu agogo olóhùn ewé: pú, pú, pú. Ẹ bá a gbè é, ṣùgbọ́n kó má kọjá ọ̀fun yín:

Màrìwò rè é lójú ọ̀nà o,
*Gbinrin o, gbinrin.*
Ẹni ọ̀rọ̀ kàn, ẹ wá wò ó,
*Gbinrin o, gbinrin.*

Ṣé ẹ gbọ́ ara yín? Àwọn ará ìsàlẹ̀ náà kò gbọ́.

Lọ́jọ́ kẹjọ, Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ kó òṣìṣẹ́ dé ojú àgbàrá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í da amọ̀ sí i, gbàdàgbàdà. Òkété sáré lọ sáàfin, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Kábíyèsí, a ò rí màrìwò kankan!"

Erin ránṣẹ́ pe Ọ̀kẹ́rẹ́. "Ṣé o jókòó?"

"Mo jókòó, Kábíyèsí."

"Ṣé o lu agogo?"

"Mo lù ú."

"Ṣé ẹnikẹ́ni wá tú màrìwò?"

"Kò sẹ́ni tó wá."

Erin ní, "Ó parí nìyẹn. Òkété, ẹ̀ bá má sùn."

Ògiri ọjà ń ga, ó dí ojú àgbàrá pa. Òkété pe àwọn ará ìsàlẹ̀ jọ, ó ní kí wọ́n di ẹrù, kí wọ́n kó lọ kí òjò tó dé. Wọ́n ti ń dì í. Àwẹ̀ró ló dìde nílẹ̀, ó fọwọ́ ti ikùn, ó ní, "Ẹ gbọ́ ná. Bàbá mi ló ṣọ́ ọ. Ká ní ewu wà níbẹ̀, ṣé wọn ò ní sọ fún mi ni?" Ló bá ń kọrin:

Bàbá mi mà jókòó níbẹ̀ o,
*Gbinrin o, gbinrin.*
Ọjọ́ méje ni wọ́n lu agogo,
*Gbinrin o, gbinrin.*
Bàbá mi ò mọ irọ́ í pa,
*Gbinrin o, gbinrin.*
Ẹ sọ ẹrù yín, ẹ má lọ,
*Gbinrin o, gbinrin.*

Wọ́n sọ ẹrù. Òkété alára sọ tirẹ̀, nítorí ó mọ irú ẹni tí Ọ̀kẹ́rẹ́ jẹ́.

Nígbà tí ìkùukùu àkọ́kọ́ yọ, Ọ̀kẹ́rẹ́ sọ̀ kalẹ̀, ó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀.

"Àwẹ̀ró, dìde ká lọ sókè. Ọ̀dọ̀ mi ni kó o ti bímọ."

"Ẹ ṣé, bàbá mi. Àmọ́ ilé ọkọ mi náà dáa. Àbí nítorí ọjà yẹn ni?" Ó wo bàbá rẹ̀ lójú. "Bàbá, ṣé ohun kan wà níbẹ̀ ni? Ẹ sọ fún mi, kí n sọ fún gbogbo wọn."

Háà! Ẹnu Ọ̀kẹ́rẹ́ là. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ì bá sọ. Ṣùgbọ́n ó rí Òkété lẹ́nu ọ̀nà tó ń kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ìtìjú bò ó.

"Kò sí nǹkan kan, ọmọ mi."

"Ó dáa nígbà náà. Ẹ máa lọ kí òjò tó ká yín mọ́nà."

Ó lọ. Ó ní lọ́la lòun máa padà wá fi tipátipá mú un.

Òjò kò jẹ́ kó di ọ̀la. Ọ̀sán gangan ni, ojú ọjọ́ ṣú dùdù. Omi ya wá láti òkè, hùùù, ó kọlu ògiri Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀. Kò rí ọ̀nà rẹ̀ àtijọ́ mọ́, ó yà bàrá, ó dorí kọ ìsàlẹ̀. Inú ihò ló kọ́kọ́ kún.

Òkété ló gun òkè wá, ọmọ kan lọ́rùn. Ọmọ rẹ̀ mẹ́rin ti bá omi lọ. Ọ̀kẹ́rẹ́ dì í mú.

"Àwẹ̀ró dà? Àwẹ̀ró mi dà?"

"Mo fà á lọ́wọ́, Bàbá Àwẹ̀ró. Mo ní ká sá. Ó ní omi ò lè débẹ̀, ó ní bàbá òun sọ pé kò sí nǹkan kan. Ó ń sọ ọ́ títí omi fi mù ún dé àyà."

Ọ̀kẹ́rẹ́ kò sunkún. Ó gun igi rẹ̀, ó fa ewé yọ lẹ́nu agogo, ó wá ń lù ú nínú òjò. Rárá o, ẹ má gbè é. Ẹ dákẹ́:

Màrìwò rè é lójú ọ̀nà o...
Ẹni ọ̀rọ̀ kàn, ẹ wá wò ó...

Ẹ rí i? Kò sí ẹni tó gbè é.

Bí ilẹ̀ ṣe gbẹ, Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ gbé ìdì ẹyìn mẹ́ta dé. "Ẹ kú ọ̀fọ̀ o, Bàbá Àwẹ̀ró. Ti oṣù yìí rèé. Omi ti ba ọ̀nà ìsàlẹ̀ jẹ́, mo fẹ́ gba iṣẹ́ ibẹ̀ náà. Màrìwò rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi."

Ọ̀kẹ́rẹ́ fi ẹyìn sílẹ̀ níbẹ̀, ó gun igi. Ó tú màrìwò gbígbẹ tó wà lórí igi rẹ̀, ó gbé e lọ síwájú Erin, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ lójú àwọn tó kù ní ìsàlẹ̀. Erin lé Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ wọ igbó, wọ́n fi ẹsẹ̀ wó ọjà náà palẹ̀. Ṣé ìyẹn jí Àwẹ̀ró dìde? Kò jí i. Òkété kò bú Ọ̀kẹ́rẹ́, ó kàn yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Láti ọjọ́ yẹn ni Ọ̀kẹ́rẹ́ ti fi ìlú sílẹ̀. Bí ẹ bá ń lọ lóko lónìí, tó bá rí yín, á máa pariwo lórí igi, kẹ́-kẹ́-kẹ́-kẹ́. Agogo tó dí lẹ́nu ló ṣì ń lù. Ó ti pẹ́ jù.

Ibẹ̀ ni àlọ́ mi dúró sí, kò lọ síwájú mọ́. Ohun tó kọ́ wa ni pé ẹni tí ìlú bá fi ṣọ́ nǹkan kò gbọdọ̀ fi í pamọ́ fún ìlú, àti pé irọ́ tí a bá pa fún àwọn tó gbà wá gbọ́ lè pa ẹni tí a fẹ́ràn jù. Bí mo bá fi irọ́ kún un, kí ẹnu mi dí bí agogo Ọ̀kẹ́rẹ́. Bí n kò bá fi kún un, ẹ dá mi lóhùn: gbinrin o!

"Gbinrin!"

Ẹ lọ sùn.