Iná Tí Wọ́n Wọ̀n Nígbà Tí Ọkọ̀ Ṣófo

"Bàbá, ibí yìí ni kí ẹ fọwọ́ sí."

"Níbo?"

"Ìsàlẹ̀ pátápátá. Ibi tí mo fàlà sí yẹn."

"Kí ló wà lókè?"

"Ọ̀rọ̀ ọ́fíìsì ni. Ẹ kàn bá mi fọwọ́ sí i."

"Àṣàkẹ́, ìwé tí mo fọwọ́ sí láìkà kẹ́yìn, òun ni wọ́n fi gba ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé mi."

"Ó dáa. Wọ́n máa gbé olùkọ́ kan kúrò ní ilé-ìwé mi ni. Ó ń fojú di mi."

"Olùkọ́ wo?"

"Ráfátù."

"Ráfátù wo?"

"Ráfátù mélòó lẹ mọ̀, Bàbá?"

"Ọ̀kan ṣoṣo ni mo mọ̀. Òun ló sùn sórí bẹ́ǹṣì yìí lọ́jọ́ tí ẹ̀yin méjèèjì ń retí èsì ìdánwò. Ìdí nìyí tí mo fi ń bèèrè."

Àṣàkẹ́ tún gíláàsì ojú rẹ̀ ṣe. Ọdún yìí gan-an ni wọ́n sọ ọ́ di ọ̀gá ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìlú náà. Bàbá tó jókòó síwájú rẹ̀ yìí, àbúrò bàbá rẹ̀ ni, òun sì ni alága ẹgbẹ́ àwọn òbí. Bí kò bá fọwọ́ sí ìwé náà, ìwé náà kò lè lọ.

"Ibo ni wọ́n fẹ́ gbé e lọ?" ni Bàbá bèèrè.

"Ilé-ìwé kan wà lókè odò."

"Níbi tí ọkọ̀ kì í dé?"

"Alùpùpù máa ń débẹ̀."

Ìyàwó Bàbá, Ìyá Ọláitán, ń sun iṣu lẹ́gbẹ̀ẹ́ pèpéle ilé tí àwọn méjèèjì jókòó sí. Ó gbójú sókè. "Àṣàkẹ́, ṣé wà á jẹ iṣu?"

"Rárá, Ìyá, mo ń kánjú. Aago mẹ́rin ni ọ́fíìsì máa ń ṣíwọ́."

"Kí ni Ráfátù ṣe fún ọ?" ni Bàbá wí.

"Ó pẹ́ dé ìpàdé àwa olùkọ́ lọ́jọ́ Ajé. Mo ní, 'Ráfátù ọ̀lẹ, oorun ò tíì dá lójú ẹ ni?' Bí mo ṣe máa ń pè é nìyẹn látìgbà tá a ti wà nílé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni. Ọdún mẹ́rìndínlógún! Ẹ̀rín ló máa ń fi rín, á ní èmi gan-an lolórí àwọn ọ̀lẹ. Lọ́jọ́ Ajé, ó wò mí, ó yíjú padà, ó jáde. Níwájú gbogbo wọn. Láti ọjọ́ náà, 'Ẹ káàárọ̀, ọ̀gá' nìkan ni mò ń gbọ́ lẹ́nu rẹ̀."

"Ó ń kí ọ, ó sì ń pè ọ́ lọ́gàá. Àfojúdi ńlá nìyẹn."

"Ẹ ti ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn olùkọ́ ní ipò ló ń gùn mí. Ẹ mọ̀ mí, Bàbá. Ṣé mo yí padà?"

"O ò yí padà."

"Ẹ ṣeun."

"Má tíì dúpẹ́. Jókòó."

"Mo ti jókòó."

"Jókòó dáadáa."

Ọ̀gá ilé-ìwé gbé báàgì rẹ̀ kúrò lórí itan, ó gbé e sílẹ̀. Bàbá fi bírò lé orí ìwé náà kí atẹ́gùn má baà gbé e lọ. Ó sì bẹ̀rẹ̀.

Ọkùnrin kan wà tó ń fi ọkọ̀ akẹ́rù kó iṣu láti oko wá sí ìlú ńlá. Ìdájí ló máa ń gbéra, torí iṣu kò fẹ́ oòrùn. Ọ̀nà náà ṣókùnkùn bí inú ìkòkò tí wọ́n dé lómorí. Igbó ni lọ́tùn-ún, igbó ni lósì, ewúrẹ́ sì máa ń sùn sí àárín títì torí pé ibẹ̀ máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́.

"Àgùntàn," ni Ìyá Ọláitán wí láti ìdí iná.

"Kí ni?"

"Àgùntàn ló máa ń sùn sí àárín títì. Ewúrẹ́ gbọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ."

"Ó dáa. Àgùntàn."

Iná tó bá ọkọ̀ náà wá kò tó o mọ́. Ó lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ta iná ọkọ̀ pé òun fẹ́ fi òmíràn kún un. Òǹtajà náà kó oríṣiríṣi síwájú rẹ̀. Àwọn kan wà níbẹ̀ tó tóbi bí igbá, funfun báláú, tí wọ́n ń to mẹ́fà mẹ́fà sórí ọkọ̀. "Gbé wọ̀nyí," ni òǹtajà wí. "Bí o bá ṣì wà ní ibùsọ̀ mẹ́ta sí wọn, wọ́n á ti mọ̀ pé ìwọ lò ń bọ̀." Ọkùnrin náà ní, "Kì í ṣe pé kí wọ́n mọ̀ mí ni mo ń wá. Kòtò ni mo fẹ́ rí." Ó mú méjì tó kéré, tí gíláàsì wọn pupa rúsúrúsú bí oyin, torí ó mọ̀ pé bí kùrukùru bá bolẹ̀, iná funfun tó wà lókè máa ń padà sójú ẹni tó tàn án.

Ó gbé wọn lọ sọ́dọ̀ réwáyà, ìyẹn ẹni tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe. Réwáyà so wọ́n mọ́ abẹ́ bọ́ńpà. Lẹ́yìn náà ó ní kó gbé ọkọ̀ kọjú sí ògiri. Ó ka ìṣísẹ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sára ògiri níwọ̀n orúnkún, ó sì ń fi sípánà yí iná náà díẹ̀díẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi wá sí abẹ́ ìlà. "Iná rẹ kò gbọdọ̀ kọjá ìlà yìí," ni réwáyà wí. "Bó bá kọjá rẹ̀, kì í ṣe ọ̀nà lo tàn án sí mọ́. Ojú ẹni ẹlẹ́ni ni."

Fi èyí sọ́kàn, Àṣàkẹ́. Ọkùnrin yìí kò tíì ṣe àṣìṣe kankan. Iná tó yẹ ló rà. Ibi tó yẹ ló so ó mọ́. Ó sì wọ̀n ọ́n.

Lọ́jọ́ kejì ó dé oko, wọ́n di iṣu fún un títí ẹrù fi ga ju orí ọkọ̀ lọ. Ní ìdájí ó tan iná rẹ̀, ó gbéra.

Láti ọjọ́ náà ni ayé ti yí padà sí i. Àwọn awakọ̀ tó bá pàdé bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́ iná sí i, wọ́n ń fun fèrè, àwọn mìíràn ń yọrí lójú fèrèsé láti bú u. Bó bá dé ibi tí wọ́n ti ń mu tíì ní gáréèjì, bẹ́ǹṣì tó ń gba ẹni márùn-ún á di ti òun nìkan. Ó ní, "Ìlara ni. Iná méjì péré, wọn ò jẹ́ kí n gbádùn rẹ̀." Ìyàwó rẹ̀ tó máa ń jókòó tì í ní, "Ó dà bíi pé iná yìí ń ni wọ́n lára." Ó ní, "Ìwọ náà?" Obìnrin náà yíjú sí igbó.

Ìyá Ọláitán wúkọ́.

"Kí ló dé?" ni Bàbá wí.

"Èéfín ni. Ẹ máa bá a lọ."

Ọkùnrin yìí ní ọ̀rẹ́ kan tí wọ́n jọ kọ́ ọkọ̀ wíwà lọ́wọ́ ọ̀gá kan náà. Ọ̀rẹ́ náà ń fi ọkọ̀ tirẹ̀ kó èédú. Bí wọ́n bá pàdé lójú ọ̀nà, wọ́n á dúró, fèrèsé sí fèrèsé, ọ̀kan á na ẹ̀pà sí èkejì, wọ́n á bú ara wọn díẹ̀, oníkálukú á sì máa lọ. Ọdún púpọ̀ ni wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní ìdájí ọjọ́ kan, ọkùnrin yìí ń bọ̀ pẹ̀lú ẹrù rẹ̀, ó dé kọ́nà tó ṣáájú afárá. Ó rí iná ọkọ̀ kan lọ́ọ̀ọ́kán. Iná náà ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan. Ó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kejì. Ó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kẹta. Lẹ́yìn náà ó yà bàrá kúrò lójú ọ̀nà, ó sì wọ inú oko ẹ̀gẹ́ etí ọ̀nà lọ. Òun àti ìyàwó rẹ̀ gbọ́ ìró irin.

Ọkùnrin náà dúró, ó sáré débẹ̀. Ọkọ̀ èédú ló fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ sínú oko ẹ̀gẹ́ yẹn. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń gba ojú fèrèsé jáde, ẹ̀jẹ̀ wà ní ìgúnpá rẹ̀, bàtà kan ló kù lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Ta nìyẹn?" ni ọ̀rẹ́ náà ké.

"Èmi ni."

"Ìwọ ni?" Ó nu ẹ̀jẹ̀ ìgúnpá rẹ̀. "Mo rò pé ọ̀tá mi ni."

"Iná mi kò ga," ni ọkùnrin náà wí. Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn, kó tó ní pẹ̀lẹ́. "Ara ògiri ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án láti ọjọ́ náà."

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò bá a jiyàn. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó fà á gun títì, ó sì mú un rìn síwájú títí wọ́n fi jìnnà díẹ̀ sí ọkọ̀ iṣu náà. Ó ní, "Yíjú padà."

Ọkùnrin náà yíjú padà, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì bojú. Ó ti kọ ÌFẸ́ LÓ JÙ sí iwájú ọkọ̀ rẹ̀, lẹ́tà pupa gàdàgbà. Kò rí i kà. Kò rí ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀. Kò rí ìyàwó rẹ̀ tó jókòó sínú rẹ̀. Ó gbójú sókè láti sá fún iná náà, ìgbà yẹn ló rí ibi tí iná rẹ̀ ń lọ. Igi àràbà kan wà létí afárá. Gbogbo ewé rẹ̀ mọ́ kedere, àwọn ẹyẹ ti jí, wọ́n ń pariwo pé ilẹ̀ ti mọ́. Ilẹ̀ tó dúró sí sì ṣókùnkùn. Ó fẹsẹ̀ kọ kòtò.

"Ta ló gbé e sókè?" ó bèèrè.

"Iṣu ni," ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ wí. "Ọkọ̀ rẹ ṣófo nígbà tí wọ́n ń wọn iná yẹn. Ẹrù ti jókòó sí ọ lẹ́yìn báyìí, imú ọkọ̀ rẹ ti gbé sókè. Ìwọ tí o wà nínú rẹ̀ kò lè mọ̀. Àwa tá à ń bọ̀ níwájú la mọ̀."

Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá ti di ẹrù fún ọkùnrin yìí tán, kì í kọ́kọ́ gba ọ̀nà títì. Ibi ògiri ló ń lọ. Á tan iná, á sọ̀kalẹ̀, á lọ dúró níwájú ọkọ̀ ara rẹ̀ bí àlejò, á wá fi sípánà rẹ iná náà sílẹ̀. Wọ́n fi rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ó ń kí ọkọ̀ rẹ̀ kú iṣẹ́. Kò jáwọ́.

Ìtàn Bàbá parí síbẹ̀. Nísàlẹ̀ pèpéle ilé, adìyẹ kan ń mu omi nínú irin róbótó kan tó ti dógùn-ún. Àfọ́kù gíláàsì kan ṣì há sí etí irin náà, ó pupa rúsúrúsú bí oyin. Ọ̀gá ilé-ìwé wò ó títí. Ó yíjú sí Ìyá Ọláitán. Ìyá Ọláitán kọjú mọ́ iṣu rẹ̀, ó ń ha èédú kúrò lára rẹ̀.

"Ọ̀rẹ́ yẹn ńkọ́, Bàbá? Ṣé ó dárí jì í?"

"Ọdún kẹta rèé tá a ti sin ín. Ẹ̀pà ló ń bèèrè títí ó fi lọ."

Bàbá fa àga rẹ̀ sún mọ́ ọn.

"Àṣàkẹ́, o ní o ò yí padà. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó o sọ lọ́jọ́ Ajé, òun náà lo ti ń sọ láti ọdún mẹ́rìndínlógún. Nígbà yẹn kò sẹ́rù lẹ́yìn ẹ̀yin méjèèjì. Ẹsẹ̀ Ráfátù ni ọ̀rọ̀ náà ń bọ́ sí, ẹ jọ ń fi ríran, ẹ jọ ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ti di odindi ilé-ìwé lé ọ lẹ́yìn báyìí. Ojú rẹ̀ ló ń bọ́ sí. Ẹrù iyì ni o, inú mi dùn sí i. Mo jó lọ́jọ́ tí wọ́n fi ọ́ jẹ ọ̀gá títí orúnkún mi fi kọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá dẹ́rù fún, kó tún iná rẹ̀ wọ̀n. Má jókòó sórí àga ọ̀gá kí o máa bi mí bóyá ó ga. Sọ̀kalẹ̀. Lọ dúró níbi tí Ráfátù dúró sí: ìwọ lo wọlé kẹ́yìn, gbogbo ojú ń wò ọ́, ọ̀gá ilé-ìwé sì pè ọ́ lọ́lẹ. Sọ ohun tí o rí fún mi."

Àṣàkẹ́ bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀.

"Ọmọ rẹ̀ ni ara rẹ̀ kò yá ní ọjọ́ Àìkú," ó wí. "Wọn ò sùn. Àwọn mìíràn ló sọ fún mi."

"Òun fúnra rẹ̀ kò sọ fún ọ?"

"Mi ò bèèrè."

Bàbá mú bírò, ó ṣí i. "Mi ò ní kí o má jẹ́ ọ̀gá. Bí o bá ṣì fẹ́ kí n fọwọ́ sí i, mà á fọwọ́ sí i. Aago mélòó ló lù?"

"Mẹ́ta kọjá díẹ̀."

"Ọ́fíìsì ò tíì ṣíwọ́."

Ọ̀gá ilé-ìwé na ọwọ́, ó fa ìwé náà kúrò lábẹ́ ọwọ́ Bàbá. Ó ká a sí méjì, ó ká a sí mẹ́rin, ó tì í bọ ìsàlẹ̀ báàgì. Ó kúnlẹ̀ kí Bàbá. Bàbá fọwọ́ kàn án lórí bí ìgbà tó wà lọ́mọdé. Obìnrin náà sọ̀kalẹ̀, ó yẹra fún adìyẹ àti omi rẹ̀, ó ti ń dé ẹnu ọ̀nà kó tó dúró.

"Ìyá, ṣé iṣu yẹn ti jinná?"

"Ó ti jinná tipẹ́. Mo ṣebí ò ń kánjú?"

"Mo ń kánjú, Ìyá. Ẹ bá mi dì í ní ti ẹni méjì, kí ẹ sì ya ata sọ́tọ̀ o. Ráfátù kì í fẹnu kan ata."