Ìpéǹpéjú Ọ̀tún

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Gbogbo wa la mọ òwe yìí lórí. Ojú Ìbídùn ni èmi ti rí i kà.

Ọjọ́ Ajé ló lọ jẹ́ kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ kun ọ̀dà sí awọ ìpéǹpéjú rẹ̀ méjèèjì, torí pé àwọn àna rẹ̀ ń bọ̀ wá tọrọ rẹ̀ ní Sátidé. Ìyá Àńjọlá tó kùn ún fún un kìlọ̀ pé, “Yóò dúdú bí èédú, yóò pa èépá, yóò sì máa yún ọ. Má fomi kàn án, má sì họ ọ́. Èépá náà á fúnra rẹ̀ já bọ́.”

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, Ìbídùn ní òun ò lè gbé irú ojú dúdú báyìí pàdé àna. Ó ki kànìnkànìn bọ omi gbígbóná, ó sì fi ha ti ọ̀tún. Èépá náà ṣí lóòótọ́, àmọ́ òun àti ọ̀dà tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n jọ lọ. Ibẹ̀ pọ́n, ó sì dán bọ̀rọ́. Kànìnkànìn bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò jẹ́ fọwọ́ kan ti òsì mọ́.

Láàárọ̀ Sátidé, èépá òsì já bọ́ sórí ìrọ̀rí. Ìpéǹpéjú tó fi sílẹ̀ gún régé.

Bí Ìbídùn ṣe kúnlẹ̀ kí ìyá ọkọ rẹ̀, ìyá náà di àgbọ̀n rẹ̀ mú, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún.

“Ìyàwó wa, ẹni tó ṣe ti òsì yìí mọṣẹ́ o. Ta ló wá ṣe ti ọ̀tún?”

Ìbídùn wolẹ̀.

“Èmi ni, mà.”