Kòtò tí Wọ́n Gbẹ́ sí Ọ̀nà Òkè-Ìdẹ̀rà

Àwọn àgbà máa ń wí pé, “Bí a bá ń jà, bí í ká kú kọ́.” Tọmọdé tàgbà ló ń pa òwe náà. Mélòó nínú yín ló mọ ibi tí ó ti ṣẹ̀? Bí bàbá mi ṣe sọ ọ́ fún mi ni n ó ṣe sọ ọ́.

Ìlú kan wà láyé àtijọ́ tí ń jẹ́ Ìsàgbà. Àdúgbò kan wà nínú rẹ̀ tí ń jẹ́ Òkè-Ìdẹ̀rà. Ibòmíràn ni baba ńlá àwọn ará àdúgbò yìí ti ṣí wá, èdè tiwọn ni wọ́n sì ń sọ. Nígbà tó yá, ọba Ìsàgbà pàṣẹ pé èdè Ìsàgbà nìkan ni kí wọ́n máa fi rojọ́ láàfin. Wọ́n tún ń sọ ọ́ kiri pé ọba fẹ́ fi ìlú sábẹ́ ọba mìíràn tó lágbára jù ú lọ. Òkè-Ìdẹ̀rà ní àwọn kò sí níbẹ̀. Wọ́n fi Ògúnlùsì jọba tiwọn. Wọ́n gbẹ́ kòtò jíjìn sí ojú ọ̀nà Ìsàgbà, wọ́n sì ń fi ìbọn ṣọ́ ọ. Ìlú kankan kò rán ikọ̀ wá kí ọba tuntun náà. Ọdún mẹ́ta kọjá. Ìbọn kò dún.

Wọ́n ronú ogun, wọn kò ronú òkú. Ní agbègbè náà, a kì í sin obìnrin sílé ọkọ. Ẹbí rẹ̀ ni í wá gbé e lọ sílé baba rẹ̀. Ilẹ̀ ni wọ́n sì gbọ́dọ̀ tẹ̀ títí dé ibẹ̀. Wọn kì í gbé òkú sọdá kòtò. Bẹ́ẹ̀, ọmọ Ìsàgbà ni ọ̀pọ̀ ìyàwó Òkè-Ìdẹ̀rà.

Ìyá Jẹ́gẹ́dẹ́ ló kọ́kọ́ kú nínú wọn. Jẹ́gẹ́dẹ́ yìí ni olórí àwọn tó ń ṣọ́ kòtò. Ògúnlùsì ní kòtò kò ní dí. Wọ́n sin obìnrin náà sẹ́yìn ilé bí ẹni tí kò lẹ́bí.

Lọ́dún kẹta, ibà dá Abọ́sẹ̀dé, aya Ògúnlùsì tó jẹ́ ọmọ Ìsàgbà, dùbúlẹ̀.

Ó ní, “Ẹ má sin mí bí ẹ ṣe sin ìyá Jẹ́gẹ́dẹ́.”

“Ìwọ ò ní kú,” Ògúnlùsì dá a lóhùn.

“Mo ń kú. Ẹ má sin mí bẹ́ẹ̀.”

Ó kú kí ilẹ̀ tó mọ́. Ògúnlùsì ní kí wọ́n kígbe ikú náà sí òdìkejì kòtò. Ní ọ̀sán, Fámákinwá, ẹ̀gbọ́n olóògbé, dé òdìkejì kòtò pẹ̀lú ọkùnrin méje. Wọn kò mú nǹkan lọ́wọ́ ju ẹní lọ.

Jẹ́gẹ́dẹ́ na ìbọn sí wọn. “Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ ò gbọ́ èdè wa, báwo lẹ ṣe gbọ́ ẹkún wa?”

“Àbúrò mi ni mo wá gbé,” Fámákinwá dáhùn.

Ògúnlùsì ní kí wọ́n dí kòtò. Jẹ́gẹ́dẹ́ yíjú sí i, ìbọn ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Kábíyèsí, ìyá tèmi ńkọ́? Ẹ̀gbẹ́ ààtàn ló wà.”

Ọba ṣí adé, ó dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ nínú erùpẹ̀. Jẹ́gẹ́dẹ́ kò sọ ìbọn kalẹ̀.

Fámákinwá ló sọ̀rọ̀ láti òdìkejì. “Jẹ́gẹ́dẹ́, ọmọ wa ni ìyá rẹ náà. Hú u. Àwọn méjèèjì la ó gbé. Bí a bá ń jà, bí í ká kú kọ́.”

Jẹ́gẹ́dẹ́ fi ìbọn ti igi, ó lọ mú ọkọ́.

Àtìhà ìhín àtìhà ọ̀hún ni wọ́n ti ń rọ́ yẹ̀pẹ̀ sí kòtò náà. Ilẹ̀ ń ṣú lọ nígbà tí wọ́n gbé òkú Abọ́sẹ̀dé àti egungun ìyá Jẹ́gẹ́dẹ́ kọjá. Àṣà kò gbà kí ọkọ tẹ̀ lé wọn. Ibẹ̀ ni Ògúnlùsì dúró sí.

Kò sí ẹni tó tún kòtò náà gbẹ́. Àwọn àgbà ìhà méjèèjì jókòó sọ̀rọ̀. Ògúnlùsì fi adé sílẹ̀, ó di baálẹ̀ lábẹ́ ọba Ìsàgbà. Òkè-Ìdẹ̀rà ń fi èdè wọn rojọ́ níwájú baálẹ̀ wọn. Wọ́n sì jọ fohùn ṣọ̀kan pé lọ́jọ́ tí Ìsàgbà bá lọ sábẹ́ ọba mìíràn, kí Òkè-Ìdẹ̀rà yan ọ̀nà tiwọn.

Nítorí náà, bí ìbínú bá ń di ẹbí lọ́nà débi pé wọn kò fẹ́ yọjú síbi àìsàn tàbí ìsìnkú ara wọn, àgbà á pè wọ́n, á ní, “Bí a bá ń jà, bí í ká kú kọ́.” A kì í fi òwe náà parí ìjà. Ìjà lè máa lọ. Òkú gbọ́dọ̀ délé.