Èrò Ti Sọ̀ Tán, Ọkọ̀ Ṣì Ń Ké

Lọ́dọ̀ tiwa ní Ìgbómìnà, bí ẹnìkan bá dá ìyàwó lẹ́bi, tó dá ọmọ lẹ́bi, tó tún fẹ́ nawọ́ sí aládùúgbò, àgbà kan á rọra wò ó, á ní: "Èrò ti sọ̀ tán, ọkọ̀ ṣì ń ké, kí awakọ̀ ó sọ̀ wò." Àlejò tó bá gbọ́ ọ á bẹ̀rẹ̀ sí í wo títì, á máa wá ọkọ̀. Kò sí ọkọ̀ kankan níbẹ̀. Ẹ fìdí kalẹ̀, ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe rí, torí àwọn kan ti ń sọ ọ́ bí kò ṣe rí.

Olóyèdé ará Ọ̀rọ̀ ló ni ọkọ̀ ọ̀hún. Ó ti gbó, ṣùgbọ́n Olóyèdé kò gbà kí mẹkáníìkì kankan fọwọ́ kàn án. Òun ló ń tú u, òun ló ń dè é. Bí nọ́ọ̀tù bá ṣẹ́ kù nílẹ̀ lẹ́yìn tó bá dè é tán, á ní àwọn tó ṣe ọkọ̀ ló ṣe àṣejù.

Ó wá di ọjọ́ ìdána Dúró, ọmọkùnrin kan ṣoṣo tó bí. Ìlá ni wọ́n ń lọ, nílé Fọlákẹ́mi, àfẹ́sọ́nà rẹ̀. Bàbá Fọlákẹ́mi kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń fi nǹkan falẹ̀ fún. Ìdílé Olóyèdé ti yẹ ọjọ́ lẹ́ẹ̀kan, ni bàbá náà bá ránṣẹ́ pé, "Bí oòrùn bá kan àtàrí tí n kò rí yín, ẹ má wulẹ̀ wá mọ́." Dúró kò rí oorun sùn dáadáa láti ìgbà tó ti gbọ́ ọ.

Wọ́n gbéra láàárọ̀. Dúró jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀. Ìyá Àgbà, ìyá Olóyèdé, wà lẹ́yìn pẹ̀lú Ìyá Dúró àti Adéòtí, àbúrò Olóyèdé, ọkùnrin gìrìwò tó gba àyè ènìyàn méjì. Iṣu ìdána kún búùtù. Wọn kò tíì rìn jìnnà tí abẹ́ ọkọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ké: wíìììì. Bí eré ti ń pọ̀ sí i ni igbe náà ń ròkè sí i. Bí eré bá dínkù, á rọlẹ̀ bí ọmọ tó rí ọmú.

"Bàbá Dúró, kí ló ń ké?" ni ìyàwó rẹ̀ bèèrè.

"Ẹrù ló wúwo." Olóyèdé bojú wẹ̀yìn wo Adéòtí. "Pàápàá èyí tó lẹ́nu."

Ó dúró, ó ní kí Adéòtí sọ̀. Ó wa ọkọ̀ síwájú: wíìììì. Ó padà wá, ó ní ìyàwó òun ló tẹ ìjókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ìyá Dúró sọ̀, ó ń kùn. Wíìììì. Wọ́n kó iṣu sílẹ̀, wọ́n tò ó sẹ́bàá títì, obìnrin kan tó ń kọjá tilẹ̀ dúró, ó fẹ́ ná an. Wíìììì.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ̀. Ẹ ti fi òrí pa orúnkún, òórùn rẹ̀ kún gbogbo ọkọ̀, ẹ wá fara ti ẹ̀gbẹ́ kan."

"Òrí wo? Igbá òrí mi sọnù lọ́sẹ̀ tó kọjá, gbogbo yín lẹ mọ̀ bí mo ṣe wá a tó." Síbẹ̀, Ìyá Àgbà sọ̀.

"Bàámi, oòrùn ti ń gòkè o," ni Dúró wí.

"Ìwọ náà, sọ̀."

Ọkọ ìyàwó sọ̀ sínú eruku tòun ti aṣọ òfì. Olóyèdé nìkan wa ọkọ̀ lọ, ó ṣẹ́rí padà. Wọ́n ti ń gbọ́ wíìììì rẹ̀ lókèèrè kí wọ́n tó rí i. Ó yọrí lójú fèrèsé: "Ta ló tún kù?"

Ìyá Àgbà fi ọ̀pá kan ilẹ̀kùn ọkọ̀. "Olóyèdé, èrò ti sọ̀ tán, ọkọ̀ ṣì ń ké. Kí awakọ̀ ó sọ̀ wò."

Olóyèdé sọ̀. Ìyá Àgbà yí ọkọ̀ ká, ó ń gbóòórùn, ó sì dúró níbi táyà iwájú kan. Òrí ti yọ́, ó ń kán sílẹ̀ tó-tó-tó, eṣinṣin ti dé. "Ta ló fi òrí pa ọkọ̀ lẹ́sẹ̀?"

Gíríìsì ló yẹ kó wà lára irin tó ń yí nínú ìdí táyà. Gíríìsì ti tán lọ́wọ́ Olóyèdé, kò sì fẹ́ kí mẹkáníìkì gbọ́ pé òun ń wá nǹkan. Ó rántí pé kò sí oríkèé tí wọn kì í fi òrí pa nílé wọn, ti ọmọ tuntun, ti arúgbó. Ló bá gbé igbá òrí ìyá rẹ̀, ó rọ gbogbo rẹ̀ síbẹ̀. Nígbà tí òrí gbóná tó yọ́ tán, irin bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ irin.

"Ìyá, ṣebí orúnkún yín kì í ró mọ́ tí ẹ bá ti fi pa á," ni Olóyèdé wí.

"Orúnkún tèmi sáré dé Ìlá rí?"

Adéòtí mi táyà náà, ó ń mì bí eyín àgbà. "Ẹ̀gbọ́n, bí a bá tún wà á, táyà yìí á ṣáájú wa débẹ̀."

Ọkọ̀ akẹ́rù kan tó kó ẹ̀gẹ́ ló gbé wọn, àwọn àti iṣu. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ dúró ṣọ́ ọkọ̀, kò sì sẹ́ni tó jiyàn lórí ẹni tó yẹ. Àánú bàbá rẹ̀ ṣe Dúró, ṣùgbọ́n oòrùn kò dúró de ẹnikẹ́ni.

Oòrùn kù díẹ̀ kó kan àtàrí nígbà tí wọ́n dé. Bàbá Fọlákẹ́mi wà lẹ́nu ọ̀nà, ojú rẹ̀ le. Adéòtí dọ̀bálẹ̀ gbalaja, eruku ẹ̀gẹ́ bo agbádá rẹ̀.

"Bàbá ọkọ dà?" ni bàbá náà bèèrè. "Àbí a ò jọ ọ́ lójú ni?"

Ìyá Àgbà kò fi bò. Ó rò ó láti orí igbá òrí títí dé ibi tí èrò ti sọ̀ tán. Bàbá Fọlákẹ́mi rẹ́rìn-ín títí ó fi di òpó mú.

"Ilé tí ìyá kò ti bo ẹ̀bi ọmọ rẹ̀ mọ́lẹ̀," ló wí, "ọmọ mi lè gbé ibẹ̀. Ẹ wọlé."

Ìrọ̀lẹ́ ni Olóyèdé dé, mẹkáníìkì tó tún ọkọ̀ ṣe ló wà á, òun jókòó bí èrò. Wọ́n ti ṣe ìdána ọmọkùnrin rẹ̀ kan ṣoṣo tán láìsí i níbẹ̀. Ó dùn ún wọra. Bàbá Fọlákẹ́mi kí i dáadáa, ó sì gbé igbá òrí kékeré kan lé e lọ́wọ́: "Àna mi, ẹ fi èyí san ti Ìyá."

Olóyèdé gba igbá náà. Ó tọ ìyá rẹ̀ lọ, ó dọ̀bálẹ̀ níṣojú gbogbo ilé. "Ìyá, òrí yín rèé. Èmi ni mo mú un. Èmi náà ni mo ba ọkọ̀ jẹ́."

Ìyàwó rẹ̀ ní láti ọjọ́ tí òun ti fẹ́ ẹ, òun kò gbọ́ "èmi ni" lẹ́nu rẹ̀ rí. Ọ̀rọ̀ Ìyá Àgbà kò sì kúrò nílẹ̀ mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń wá ẹni tí ẹ ó tún dá lẹ́bi, ẹ wo inú ọkọ̀ dáadáa: èrò ti sọ̀ tán, ọkọ̀ ṣì ń ké, kí awakọ̀ ó sọ̀ wò.