Okùn Ìwọ̀ Bàbá Rámọ́tù

"Ẹni tó dẹ okùn fún ẹja, kò jọ̀wọ́ ẹja fódò." Òwe yìí ti mọ́ wa lẹ́nu, àmọ́ ta ló mọ ibi tó ti ṣẹ̀ wá nínú yín? Ẹ sún mọ́bí, kí n sọ ọ́ fún yín.

Apẹja kan tó ń jẹ́ Sùnmọ́nù wà létí ọ̀sà. Ìwọ̀ ló fi ń pẹja. Ìyàwó rẹ̀ kú sórí ìkúnlẹ̀, òun nìkan ló sì tọ́ Rámọ́tù, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, dàgbà nínú ọkọ̀ ojú omi. Gbogbo ohun tó mọ̀ nípa okùn ìwọ̀ ló kọ́ ọ. Nígbà tó yá, Rámọ́tù lọ sílé ọkọ ní òdìkejì ọ̀sà, ilé wá dá páropáro. Ni Sùnmọ́nù bá bẹ̀rẹ̀ sí í ránṣẹ́ lọ́jọ́ ọjà gbogbo pé ara òun kò yá. Rámọ́tù á fi àyà jíjá sọdá ọ̀sà, á sì bá bàbá nídìí ẹ̀bà, tí ara rẹ̀ le koko.

Nígbà kẹrin, Rámọ́tù kò tilẹ̀ jókòó.

"Bàbá, àyà mi ò gbà á mọ́. Lọ́jọ́ tí ara yín ò bá yá ní tòótọ́, n ò ní wá. Màá rò pé irọ́ ni."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Sùnmọ́nù lára. Ó kàn ní òun yóò fi ọkọ̀ sìn ín padà. Rámọ́tù ń tu ọkọ̀, bàbá sì ju ìwọ̀ sómi gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Láàárín ọ̀sà, ọ̀bọ̀kún ńlá kan gbé ìwọ̀ mì. Ẹ̀rù ba Sùnmọ́nù kí ẹja náà má baà bọ́ lọ, ló bá ṣe ohun tí apẹja kì í ṣe: ó wé okùn mọ́ ọwọ́, ó ń fà á tagbára-tagbára. Okùn gé e látẹ́lẹwọ́, ẹ̀jẹ̀ ń kán sínú ọkọ̀.

Rámọ́tù sọ àjẹ̀ sílẹ̀, ó rọra tú okùn náà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ dẹ okùn fún un, Bàbá. Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi."

"Bó bá lọ ńkọ́?"

"Ìdí okùn ṣì wà lọ́wọ́ yín. Ibo ló ń lọ?"

Sùnmọ́nù dẹ okùn. Ẹja náà sáré títí ó fi rẹ̀ ẹ́, wọ́n sì fà á wọkọ̀ jẹ́jẹ́. Sùnmọ́nù kò wo ẹja. Ọmọ tó ń fi gèlè di ọwọ́ fún un ló ń wò, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀.

"N ò ní ránṣẹ́ mọ́," ló wí.

Ọjọ́ ọjà kan kọjá, kò ránṣẹ́. Méjì kọjá, mẹ́ta kọjá, ó ń wo omi ṣáá. Lọ́jọ́ ọjà kẹrin, ó gbọ́ ìró àjẹ̀ létí omi.

"Bàbá, ṣé ara yín yá?"

"Ara mi yá, ọmọ mi."

"Ó dáa. Ẹ sún díẹ̀ kí n jókòó."

Ọmọ kì í ṣe ẹja o, èmi náà mọ̀. Àmọ́ láti ọjọ́ náà, bí òbí bá ń fa ọmọ tó ti dàgbà mọ́ra títí ó fi ń dun àwọn méjèèjì, àwọn àgbà á rọra di òbí náà lọ́wọ́ mú, wọn á ní: ẹni tó dẹ okùn fún ẹja, kò jọ̀wọ́ ẹja fódò.