Wáyà Wọ́gọwọ̀gọ Inú Ògiri

Ọkùnrin kan wà tó ń ṣiṣẹ́ iná ilé, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́ níṣẹ́. Kò sí suwíìṣì rẹ̀ kan tó wọ́, kò sì sí sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kan tó ga ju èkejì lọ. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ti kìlọ̀ fún un pé inú páìpù ni wáyà gbọ́dọ̀ gbà nínú ògiri, àti pé kí ó gòkè tààrà láti ibi sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ìdí rẹ̀ ni pé ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa iná á lè wo ara ògiri, á sì mọ ibi tí kò yẹ kí òun kan ìṣó mọ́. Ọkùnrin yìí gbọ́ ìkìlọ̀ náà, ó sì ń pa á mọ́.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wá kọ́lé, òun ló sì gbé iṣẹ́ iná fún. Búlọ́ọ̀kù oníhò ni wọ́n fi mọ ilé náà. Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ rẹ́ ògiri pálọ̀, páìpù tán mọ́ ọn lọ́wọ́ nígbà tó ku ojú kan ṣoṣo. Bíríkìlà ti po símẹ́ǹtì, ó dúró tì í, ó ń pariwo pé símẹ́ǹtì òun ti ń le. Ibi tí wọ́n ti ń ta páìpù kò jìnnà. Ṣùgbọ́n oòrùn mú, ó sì ti rẹ̀ ẹ́. Ló bá ti wáyà bọ inú ihò búlọ́ọ̀kù láìsí páìpù. Ibi tí ihò bá ti dí, á lu ẹ̀gbẹ́ búlọ́ọ̀kù já, á gba ibẹ̀. Báyìí ni wáyà náà ṣe lọ wọ́gọwọ̀gọ títí tó fi dé ìdí gílóòbù.

Bíríkìlà rẹ́ ẹ. Nígbà tí wọ́n kun ògiri náà lọ́dà, ó dán, ó wuni. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ dúpẹ́ títí. Oníṣẹ́ iná sọ fún ara rẹ̀ pé òun á padà wá tún un ṣe. Kò padà wá. Ó tún ní bí wọ́n bá fẹ́ kan nǹkan mọ́ ògiri yẹn lọ́jọ́ kan, òun tí òun mọ ibi tí wáyà náà gbà yóò wà níbẹ̀, òun á sì dọ́gbọ́n sí i. Ẹ wo irú èrò bẹ́ẹ̀!

Ọdún gorí ọdún. Ọmọbìnrin ọ̀rẹ́ rẹ̀ kọ́ṣẹ́ aránṣọ yanjú, ó ṣe fìrídọ́ọ̀mù, ó sì ya fọ́tò níbi tó kúnlẹ̀ síwájú ọ̀gá rẹ̀ pẹ̀lú sísọ́ọ̀sì lọ́wọ́. Ó fẹ́ gbé fọ́tò náà kọ́ sí pálọ̀. Oníṣẹ́ iná wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó wá bá wọn yọ̀. Ọmọ náà gun àpótí, ó fi ìṣó sí ara ògiri, ó gbé òòlù.

Oníṣẹ́ iná rántí. Ògiri ọjọ́sí nìyẹn! Ohun tó yẹ kó sọ kò pọ̀: dúró, ẹ pa iná, mo ṣe iṣẹ́ tí kò dára síbẹ̀. Ṣùgbọ́n bàbá ọmọ jókòó tì í, ìyá ọmọ sì ń gbé mínírà bọ̀. Ojú tì í. Ló bá rẹ́rìn-ín.

"Ọmọ mi, sún un sí ọ̀tún díẹ̀. Ibẹ̀ ló ti máa hàn dáadáa."

"Níbí, sà?"

"Sún un sí i. Ẹ̀n-ẹ́n. Ibẹ̀ gan-an."

"Ẹ ṣé, sà."

Ó kan ìṣó. Iná tí kì í sábà wà ládùúgbò wọn, ó wà lọ́jọ́ náà.

Igbe tí ọmọ náà ké kò jọ igbe ènìyàn. Ó já bọ́ látorí àpótí. Ìyá rẹ̀ ju mínírà nù, ó ń pe orúkọ Olúwa. Nígbà tí wọ́n fi máa gbé e dé ilé ìwòsàn, ìka tó fi di ìṣó mú ti jóná wọ egungun, àwọn dókítà sì gé wọn. Ẹ̀mí rẹ̀ kò bọ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó fi ń darí aṣọ lábẹ́ abẹ́rẹ́ ti lọ.

Oníṣẹ́ iná kò lè pa á mọ́ra mọ́, ó jẹ́wọ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ki òòlù ńlá mọ́lẹ̀, ó ní, "Fi ibi tó gbà hàn mí." Oníṣẹ́ iná tọ́ka ibi tí ọmọ kọ́kọ́ fi ìṣó sí, ó ní ibẹ̀ ni òun rò pé ó gbà tí òun fi ní kó sún un. Wọ́n fọ́ ibẹ̀. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ àfi eruku. Wọ́n fọ́ ọ lọ sápá ọ̀tún, wọ́n sì bá wáyà náà níbi tí òun fúnra rẹ̀ ní kí ọmọ sún ìṣó sí.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ju òòlù sílẹ̀. Ó ní, "Ká ní o dákẹ́ ni, ọmọ mi ì bá ní ìka lónìí. Ìwọ lo ní kó kúrò níbi tí kò séwu."

 Ọwọ́ ara rẹ̀ ni oníṣẹ́ iná fi fa wáyà náà, òun náà kò sì mọ ibi tó wà mọ́.

Ìwọ arákùnrin, ìwọ ni mò ń bá wí. O mọ̀ pé AS ni ẹ̀jẹ̀ rẹ. O mọ̀ pé AS ni ti ọmọbìnrin tí o fẹ́ gbé níyàwó. Ó bi ọ́, o ní AA ni ọ́. O wá jókòó síwájú mi lónìí, o ní bí ẹ bá ti ṣègbéyàwó tán, o mọ bí o ṣe máa dọ́gbọ́n sí i. Háà! Ọgbọ́n wo? Ṣé o mọ èwo nínú àwọn ọmọ yín ni àìsàn ẹ̀jẹ̀ SS máa mú ni? Ẹnu yà mí sí ọ, ẹ̀rù sì ń bà mí. Ọmọbìnrin yẹn fọkàn tán ọ. Ohun tí o bá ní kó ṣe ló máa ṣe, á sì tún dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Dìde, lọ sọ òótọ́ fún un kó tó di pé ẹ dá ọjọ́ ìgbéyàwó. Bí ó bá ní òun ò fẹ́ ọ mọ́, á dùn ọ́ gan-an. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin méjèèjì nìkan ló máa dùn.