Sabino Dimagiba, Ẹni Tó Fi Èjìká Gbé Ìlú Gun Òkè

Àwọn ará Tabing-alon mọ̀ pé ohun kan wà nínú òkun tó ń bani lẹ́rù ju omi lọ. Abúlé apẹja ni Tabing-alon, etí òkun gan-an ló wà ní ilẹ̀ Filipíìnì, láyé ìgbà tí ọba Sípéènì ń jọba lé ilẹ̀ náà lórí láìfi ẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀ rí. Ilé méjìdínlógójì ló wà níbẹ̀, ilé ọparun tí wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ bò lórí, tí wọ́n gbé lé òpó gíga. Lọ́dọọdún, bí afẹ́fẹ́ bá ti yí padà tí òkun sì rọ̀, àwọn ọlọ́ṣà orí omi á gba ìhà gúúsù dé pẹ̀lú ọkọ̀ gbọọrọ, ní àfẹ̀mọ́júmọ́ tí àwọn ọkùnrin ti lọ sí ìdí àwọ̀n. Wọn kì í wá ẹja, wọn kì í wá ìrẹsì. Ènìyàn ni wọ́n ń wá. Wọ́n á kó àgbà, wọ́n á kó èwe, wọ́n á lọ tà wọ́n lẹ́rú sí erékùṣù tí ẹnikẹ́ni ní Tabing-alon kò mọ orúkọ rẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá kó lọ báyìí, a kò lè sin ín, a kò sì lè fọkàn balẹ̀ pé ó wà láàyè. Lójú èmi tí mò ń sọ ìtàn yìí, ikú sàn jù ú lọ.

Ẹ ó ní kí ló dé tí wọn kò sá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tètè pè wọ́n lómùgọ̀. Òfin Sípéènì ló dè wọ́n mọ́lẹ̀. Òfin náà ni pé gbogbo ọmọ ìbílẹ̀ gbọ́dọ̀ máa gbé níbi tí etí rẹ̀ ti lè gbọ́ agogo ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹni tó bá lọ gbé ibi tí ohùn agogo kò dé, ìsáǹsá ni lójú ìjọba. Ṣọ́jà á wá sun ilé rẹ̀, wọ́n á sì nà án ní gbangba. Etí òkun ni ṣọ́ọ̀ṣì Tabing-alon wà, etí òkun náà sì ni gbogbo ọmọ Tabing-alon gbọ́dọ̀ wà, ọlọ́ṣà ì báà wá lẹ́ẹ̀mẹwàá. Bẹ́ẹ̀ òkè kan wà lẹ́yìn abúlé, bí ìrìn máìlì mẹ́ta. Ó ní odò, ó ní ilẹ̀ dúdú tó dára fún ìrẹsì, kò sì sí ọlọ́ṣà tó máa fi ọkọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ rìn débẹ̀. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń wo òkè náà, bí ẹni tébi ń pa ṣe ń wo ìkòkò onílé.

Sabino Dimagiba ni baálẹ̀ wọn. Dimagiba ní èdè wọn ni ẹni tí kò ṣeé wó lulẹ̀, orúkọ náà sì ro ó. Sabino, igi ńlá etí omi tí ìgbì ń gbá tí kò mì! Agbẹ́rù-má-kérora, ọkùnrin gbọ̀ngbọ̀nràn tí í fi ọwọ́ kan fa ọkọ̀ gúnlẹ̀, ọkọ Petrona! Mo fi ọkọ Petrona kún oríkì rẹ̀ nítorí òun ló fẹ́ràn jù. Bí wọ́n bá kí i ní baálẹ̀, á kàn mi orí. Bí wọ́n bá kí i ní ọkọ Petrona, á rẹ́rìn-ín kèékèé. Ṣùgbọ́n lọ́dún kan àwọn ọlọ́ṣà kó Petrona lọ pẹ̀lú àwọn méjìlélógún mìíràn. Sabino ti ìdí àwọ̀n dé, ó bá iná lábẹ́ ìkòkò, ìrẹsì ti jóná, ẹni tó ń sè é kò sí mọ́. Kò sunkún lójú ẹnikẹ́ni. Ó pa iná, ó sì jókòó síbẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá ti ní kí wọ́n wá ọgbọ́n tí wọ́n lè fi kó lọ sórí òkè, Sabino á ní kò ṣeé ṣe. Ó ní àwọn kan ti já mọ́ ọlọ́ṣà lọ́wọ́ rí tí wọ́n tu ọkọ̀ kékeré wálé. Bí Petrona bá já, etí òkun ló máa gúnlẹ̀ sí, ilé rẹ̀ ló máa wò. Bó bá bá ahoro ńkọ́? Àṣìṣe ńlá ni, n kò sì ní bò ó mọ́lẹ̀ torí pé mò ń yin ọkùnrin náà. Nítorí ènìyàn kan, ó dá gbogbo abúlé dúró sẹ́nu ewu. Nígbà tí ọdún yí po, ọlọ́ṣà tún dé, wọ́n kó ènìyàn mọ́kàndínlógún. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí Ìyá Maura bí láyé wà lára wọn.

Ìyá Maura ni àgbà obìnrin abúlé náà, ẹnu rẹ̀ sì mú ju ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń la ẹja lọ. Ó lọ bá Sabino níbi tó ti ń tún àwọ̀n ṣe, kò kí i.

“Sabino, ẹnì kan lò ń retí,” ó ní. “Mélòó ló ti bá ìrètí rẹ lọ báyìí?”

“Ìyá, ẹ dákun.”

“N kò ní dákun! Mo pọn Petrona sẹ́yìn rí, mo mọ̀ ọ́n kí ìwọ tó mọ̀ ọ́n. Bó bá gbọ́ pé torí tòun ni wọ́n ṣe ráyè kó ọmọ mi, ṣé o rò pé ó máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ?”

Sabino ju àwọ̀n sílẹ̀. Ojú tì í, ó sì dùn ún wọ eegun. “Kò ní dúpẹ́,” ó ní. “Ìyá, mo jẹ̀bi. Ẹ jẹ́ n ronú.”

“Tètè ronú o. Afẹ́fẹ́ kì í dúró de aronú.”

Ní ilẹ̀ wọn, bí ènìyàn bá fẹ́ kó kúrò níbì kan, kì í wó ilé rẹ̀. Àwọn aládùúgbò ni yóò ki ọparun gígùn bọ abẹ́ ilé náà, ogún ọkùnrin á kó sí i lábẹ́, wọ́n á fi èjìká gbé e tòun ti òrùlé. Èèwọ̀ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: onílé kì í bá wọn gbé ilé tirẹ̀. Oúnjẹ àwọn tó ń gbé e ló máa sè. Ẹni tó bá gbé ilé ara rẹ̀, wọ́n á ní ó ń sọ fún ayé pé òun kò lẹ́nì kan. Àṣà yìí ni Sabino rò títí, tó fi gba ọ̀dọ̀ Fadá Melkor lọ. Ará Sípéènì ni Fadá, arúgbó tó ń tiro, ogún ọdún ló sì ti lò láàárín wọn.

“Fadá, òfin ní ká má kọjá ibi tí a ti ń gbọ́ agogo,” Sabino wí. “Ṣé òfin sọ ibi tí agogo gbọ́dọ̀ wà?”

Fadá fọwọ́ ra irùngbọ̀n. “Kò sọ ọ́. Kò sẹ́ni tó rò ó pé agogo lè rìn.”

“Bí ilé bá ń rìn ní ilẹ̀ yìí, Fadá, kí ni yóò dá agogo dúró?”

Àgbà náà rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un. Nígbà tí ikọ́ dá, ojú rẹ̀ ti yí padà. “Wọ́n lè lé mi kúrò níhìn-ín nítorí rẹ̀, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ó ti sú mi láti máa ka orúkọ àwọn tí wọ́n jí gbé níwájú pẹpẹ. Ẹ gbé e.”

Ọjọ́ kejì Àjíǹde ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin mẹ́rìndínlógún so agogo ṣọ́ọ̀ṣì kọ́ ọparun, wọ́n gbé e síwájú díẹ̀ lójú ọ̀nà òkè, kò jìnnà débi tí ilé tó kẹ́yìn kò fi ní gbọ́ ọ. Wọ́n lù ú. Lẹ́yìn náà wọ́n padà wá gbé ilé lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n tò wọ́n yí agogo ká, wọ́n sùn. Nígbà tílẹ̀ mọ́, agogo tún ṣíwájú, àwọn ilé sì tẹ̀ lé e. Báyìí ni odindi abúlé ṣe rìn fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, tí wọ́n ń sùn níbi tuntun lálaalẹ́, tí agogo kò sì pa àdúrà òwúrọ̀, ọ̀sán tàbí ìrọ̀lẹ́ jẹ. Ìyá Maura kọ̀ jálẹ̀ pé òun kò ní sọ̀ kalẹ̀ nínú ilé tí wọ́n gbé òun níyàwó wọ̀. Wọ́n gbé e tilé-tilé, ó yọrí lójú fèrèsé, ó ń pàṣẹ: “Ẹ rọra o! Apá òsì, ẹ gbé e sókè! Ṣé ẹ̀yin lẹ ní ìkòkò mi ni?” Àwọn ọkùnrin ń làágùn, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín. Ilé kan ṣoṣo ni wọn kò fọwọ́ kàn. Sabino ti sọ fún wọn pé òun á máa bá wọn ṣiṣẹ́ lókè lójúmọmọ, ṣùgbọ́n ilé Petrona létí òkun lòun á máa sùn.

Ọjọ́ keje ni ajẹ́lẹ̀ Sípéènì pàdé wọn pẹ̀lú ṣọ́jà méjìlá. Ó ti kọ́kọ́ dé etí òkun, ilé kan péré ló bá níbẹ̀, ó sì ti rò pé gbogbo abúlé ti di ìsáǹsá. Bó ṣe yí kọ́nà lórí ẹṣin, ó rí ilé tó ń fẹsẹ̀ ènìyàn rìn bọ̀. Ẹṣin rẹ̀ ta, díẹ̀ ló kù kó gbé e ṣánlẹ̀.

“Ta ló pàṣẹ èyí?” ó ké.

Sabino yọ èjìká kúrò lábẹ́ ọparun, ó ṣí fìlà, ó dúró gangan. “Aṣojú ọba, ẹ gbọ́ tẹnu mi kí ẹ tó bínú. Èmi ni mo ṣe é. Àwọn ènìyàn tí ọba ní kẹ́ ẹ máa ṣọ́ kò sá lọ, ẹ kà wá. Ẹni tí ẹ kò bá rí, ọlọ́ṣà ló kó o. Òfin ní ká máa gbọ́ agogo. Láti ọjọ́ méje tí a ti ń rìn, agogo kò tíì dún lẹ́ẹ̀kan kí ẹnì kan nínú wọn má gbọ́ ọ. Bí ẹ bá ní ká padà, a ó padà, èjìká wa ṣì le. Ṣùgbọ́n bí afẹ́fẹ́ bá yí, ẹ wá bá wa sùn létí òkun. Ẹ mú ilé tó bá wù yín, ẹ̀yin, ìyàwó yín àti àwọn ọmọ yín.”

Ajẹ́lẹ̀ wo Fadá. Fadá ní òun ti wá inú òfin tì, òun kò rí ibi tí wọ́n ti rú u. Ajẹ́lẹ̀ yìí kì í ṣe ìkà ènìyàn, ó kàn fẹ́ kí gbogbo nǹkan wà létòlétò ni.

“Ó dáa, ẹ máa lọ,” ó ní. “Ilé tí mo rí létí òkun ńkọ́? Ta ló ń gbé ibẹ̀?”

“Èmi ni.”

“Ṣé o máa ń gbọ́ agogo níbẹ̀?”

Ẹnu ara rẹ̀ ni Sabino fi kó bá ara rẹ̀. Ajẹ́lẹ̀ ní, “Òfin tó yọ ìlú rẹ kò yọ ìwọ sílẹ̀. Bí baálẹ̀ bá di ìsáǹsá, gbogbo ìlú ló di ìsáǹsá. Mú ọ̀kan, ìlú rẹ tàbí ilé yẹn.”

Sabino yíjú sí òkun, tó ń dán nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún. Ọkùnrin tí kò sunkún lọ́jọ́ tí wọ́n kó ìyàwó rẹ̀ lọ, ó sunkún níbẹ̀, lójú ṣọ́jà, lójú tọmọdé tàgbà. “Mo mú ìlú,” ó ní. “Petrona, foríjì mí.”

“Ajẹ́lẹ̀!” Ohùn kan ké láti òkè. Ìyá Maura ni, ó tún ti yọrí lójú fèrèsé, ogún ọkùnrin ṣì gbé e dání. “Òfin ní kí ènìyàn má gbé ibẹ̀. Ṣé ó ní kí ilé má dúró níbẹ̀ ni?”

Ajẹ́lẹ̀ gbójú sókè wò ó. Wọ́n ní ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó rẹ́rìn-ín látìgbà tó ti kúrò ní Sípéènì. “Kò sọ bẹ́ẹ̀, ìyá àgbà.”

“Ó parí nìyẹn. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ gbé mi, ẹsẹ̀ yín ti ń gbọ̀n.”

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tẹ ìlú dó sórí òkè. Wọ́n pe orúkọ rẹ̀ ní Pasanan, ìyẹn ibi tí a ti ń fi èjìká ru ẹrù. Nígbà tí afẹ́fẹ́ yí, ọlọ́ṣà dé, ilé kan ni wọ́n bá, wọ́n sì sun ún. Sabino rí èéfín láti òkè, ó jókòó sílẹ̀. Kó tó dìde, àwọn ọkùnrin ti ń gé ọparun. Wọ́n kọ́ ilé tuntun lókè, wọ́n gbé e sọ̀ kalẹ̀ lọ sétí òkun. Sabino ki èjìká bọ̀ ọ́, wọ́n tì í sẹ́yìn. Wọ́n ní, “Onílé kì í gbé ilé ara rẹ̀. Lọ sídìí ìkòkò.” Ó se oúnjẹ wọn, iyọ̀ pọ̀ jù, wọ́n jẹ gbogbo rẹ̀ tán. Wọ́n gbé ìrẹsì, omi àti ẹja gbígbẹ sínú ilé náà, wọ́n pa ilẹ̀kùn dé lásán, wọ́n sì roko ojú ọ̀nà tó lọ sókè. Ọdọọdún ni wọ́n ń ṣe é bẹ́ẹ̀.

Lọ́dún kẹta ọkùnrin kan já wálé tòun tọmọ méjì. Lọ́dún karùn-ún ọmọ Ìyá Maura dé. Ó ti jẹ ìrẹsì ilé Petrona kó tó tọ ọ̀nà náà gòkè. Odindi ọjọ́ mẹ́ta ni Ìyá Maura kò lè sọ̀rọ̀, irú rẹ̀ kò sì ṣẹlẹ̀ rí. Wọ́n bi ọmọ náà léèrè Petrona. Ó ní ọkọ̀ ọ̀tọ̀ ni wọ́n kó àwọn sí, òun kò gbúròó rẹ̀ mọ́. Sabino jó níbi ayẹyẹ tí wọ́n fi kí i káàbọ̀ bíi tàwọn yòókù. Nígbà tó jó tán, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ gbé ìrẹsì mìíràn síbẹ̀.

Àwọn mẹ́jọ ló gba inú ilé náà dé kí Sabino tó dàgbà kú. Petrona kò sí nínú wọn. Lónìí, ọlọ́ṣà ti dópin lórí omi náà, ọba Sípéènì ti lọ, ajẹ́lẹ̀ ti lọ. Síbẹ̀, bí Àjíǹde bá ti kọjá, Pasanan á kọ́ ilé kan, wọ́n á fi èjìká gbé e sọ̀ kalẹ̀ lọ sétí òkun. Àlejò tó bá bá wọn lójú ọ̀nà á béèrè pé ta ló nilé, kí ló dé tí onílé kò wá se oúnjẹ fún wọn. Wọ́n á ní, “Petrona ló nilé. Ojú ọ̀nà ló ṣì wà. Ẹ bá wa gbé e.”